Ọ̀rọ̀ Dókítà Tí Mo Gé Kúrú

"Kí ló wí?"

Ohun tí baba mi bi mí nìyẹn nígbà tí dókítà dákẹ́. Àwa mẹ́ta la wà nínú yàrá kékeré kan ní ilé ìwòsàn tí kò jìnnà sílé wa ní Ablogamé, àdúgbò etí òkun nílẹ̀ tí wọ́n ti ń sọ Faransé. Baba mi, Àbúdù, ará Pọ́bẹ̀ ni; táyà alùpùpù ló ń lẹ̀ létí títì. Yorùbá ló gbọ́, pẹ̀lú èdè Mina díẹ̀ tó fi ń bá oníbàárà dúnàádúrà. Ará àríwá ni dókítà, Faransé nìkan ló lè fi bá wa sọ̀rọ̀. Èmi Fọláwẹ̀mí, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, tí mo mọ̀wé jù nínú ilé, ni wọ́n mú wá ṣe ògbufọ̀.

Ó ti pé ọdún mẹ́ta tí àyà ti ń ta baba mi. Bó bá jẹun tán, tó kírun Ìṣáì, tó ní kí òun sùn, omi kíkan á ru sókè wá sí i lọ́fun, á dìde jókòó, á máa tutọ́. "Ata ìyá yín ni," ló máa ń wí, gbogbo wa á sì rẹ́rìn-ín.

Dókítà yẹn ní sùúrù. Ó ya àwòrán ikùn sórí ìwé, ó fi bírò tọ́ka sí ibi tí ọ̀nà ọ̀fun ti wọnú ikùn. Ó ní ohun kan wà níbẹ̀ bí ilẹ̀kùn, pé ti baba mi ti dẹ̀, òun ni omi kíkan inú ikùn ṣe ń gòkè wá bó ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀. Oògùn kan wà tí yóò máa lò láàárọ̀ kó tó jẹun. Kó má ṣe sùn lé oúnjẹ, kó fi wákàtí mẹ́ta sáàárín. Kó gbé ìhà orí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ sókè. Kó dín ata, obì àti kọfí kù, kó má sì máa bẹ̀rẹ̀ mọ́ táyà nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun yó. Lẹ́yìn náà ló wá wò mí lójú. Ó ní kí baba mi padà wá lẹ́yìn oṣù méjì kí wọ́n fi ẹ̀rọ wo ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀, nítorí ó ti pẹ́ tó ti ń bó. Ó ní bí oúnjẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí í há a lọ́fun, kó má dúró de oṣù méjì kankan, ọjọ́ náà gan-an ni kó wá.

Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Kò sí èyí tí kò yé mi níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ àkọ́kọ́ ìsinmi ni. Fóònù mi ti ń gbọ̀n lápò. Abigail, ọ̀rẹ́ mi, ń dúró dè mí létí òkun ká lọ ya fọ́tò. "Fọlá, tu viens ou pas? Ṣé ò ń bọ̀ àbí o ò bọ̀? A ti ń lọ o!" ló kọ ránṣẹ́.

"Ó ní kí ẹ máa lo oògùn yìí láàárọ̀," ni mo wí fún baba mi, "kí ẹ sì dín ata kù."

"Ṣé ìyẹn nìkan ni? Ọ̀rọ̀ tó sọ yẹn mà pọ̀ o."

"Faransé ni, Baba. Faransé máa ń gùn."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà, ó gbọ́wọ́ lé mi lórí, ó ní Ọlọ́run yóò bá òun dá mi sí. Mo sáré jáde. Fọ́tò ọjọ́ náà dára púpọ̀. Ó ṣì wà nínú fóònù mi, mi ò kàn lè wò ó mọ́ ni.

Baba mi lo oògùn náà tán, ara tù ú díẹ̀, ó rò pé ó ti parí. Ó ń jẹun, ó ń sùn lé e bíi ti tẹ́lẹ̀. Oṣù méjì pé, ó kọjá. Mo ń sọ fún ara mi pé màá sọ fún un lọ́la, ọ̀la ò sì tán láyé.

Nígbà tó di oṣù kìíní ọdún, a ń jẹ ọkà àgbàdo tí à ń pè ní àkùmẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀ kan. Baba mi dúró lójijì, ó fọwọ́ di àyà mú, ó sáré mu omi.

"Ó há mi," ó wí. "Òkèlè yẹn ló tóbi jù."

"Ẹ rọra jẹ ẹ́, ta ló ń lé yín?" ìyá mi, Ràbíátù, dá a lóhùn.

Ọwọ́ mi dúró nínú àwo. Ọjọ́ náà gan-an, dókítà ti wí. Ṣùgbọ́n bí mo bá lanu sọ ọ́, wọ́n á bi mí pé ìgbà wo ni mo ti mọ̀. Ojú tì mí. Mo bu òkèlè mìíràn, mo gbé e mì. Tèmi lọ wọ́ọ́rọ́wọ́.

Báyìí ni mo ṣe panu mọ́. Baba mi fi àkùmẹ̀ sílẹ̀ bọ́ sórí ìrẹsì, ó fi ìrẹsì sílẹ̀ bọ́ sórí ẹ̀kọ mímu. Ṣòkòtò rẹ̀ ò dúró nídìí rẹ̀ mọ́, táyà tó ń fi ọwọ́ kan gbé wá di ẹrù fún un. Wọ́n ní kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Mo jókòó, mò ń wo ìrókò yìí bó ti ń dàgbà. Nígbà tí omi pàápàá bẹ̀rẹ̀ sí í há a, ìyá mi kó wa padà sílé ìwòsàn.

Dókítà náà rántí mi. Wọ́n fi ẹ̀rọ wo baba mi, ẹ̀rọ náà ò ráyè kọjá. Wọ́n ṣe àyẹ̀wò mìíràn. Nígbà tí èsì dé, ó bi mí pé kí ló dé tí a kò padà wá nígbà tí òun dá fún wa. Ó wá sọ̀rọ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, Faransé rẹ̀ kò gùn rárá.

"Kí ló wí?" baba mi béèrè.

Mo sọ gbogbo rẹ̀. Mo ní jẹjẹrẹ ló hù dí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀, pé ó ti ràn dé ẹ̀dọ̀, pé iṣẹ́ abẹ kò lè ràn án lọ́wọ́ mọ́. Mo ní dókítà ní ká ní a ti wá tẹ́lẹ̀ ni, bóyá ìbá ṣeé ṣe.

"Ṣé ìyẹn nìkan ni?"

"Rárá, Baba." Ẹkún gbà mí lẹ́nu. Mo sọ ti ọdún tó kọjá fún un, láti orí oṣù méjì dórí oúnjẹ tó ń háni lọ́fun, mi ò fi ẹyọ kan pamọ́. Ìyá mi figbe ta. Baba mi kò pariwo, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ púpọ̀.

"Etí ni mo fi ọ́ ṣe, Fọláwẹ̀mí," ó wí.

Àìsàn ló ṣeé wò, a kì í rí tọlọ́jọ́ ṣe. Àmọ́ ìgbà tí àìsàn ṣì jẹ́ àìsàn là á wò ó. Ìwọ tí ò ń ka ìtàn yìí, àyà tó ń ta lójoojúmọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ata lásán, gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Bí òbí rẹ bá sì fi ọ́ ṣe etí, ohun tí o bá gbọ́ ni kí o sọ, má gé e kúrú. Bí o bá ti gé e, tètè jẹ́wọ́, kí ojú tì ọ́, kó tán síbẹ̀.

Mo ti fi búlọ́ọ̀kù méjì gbé ìhà orí bẹ́ẹ̀dì baba mi sókè báyìí, gẹ́gẹ́ bí dókítà ṣe wí. Kò sóúnjẹ tó ń wọ ikùn rẹ̀ mọ́ tí ì bá padà gòkè wá.