Ewé Tí Kò Fẹ́ Ìkẹ́

Ìbéèrè kan wà tí Àǹtí Ata kórìíra ju gbogbo ìbéèrè lọ, òun gan-an sì ni ọkùnrin yìí fi bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, èwo nínú àwọn ewé yìí ni kò lè kú?"

Àǹtí Ata gbé ike omi ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Ọdún kọkànlá rèé tó ti ń ta ọ̀gbìn inú ilé ní ìsọ̀ yìí. Ata tí wọ́n fi ń pè é, kì í ṣe pé ó ń ta ata. Ẹnu rẹ̀ ni.

"Ohun tó bá lẹ́mìí ló ń kú," ó dá a lóhùn. "Bí ẹ bá fẹ́ èyí tí kò ní kú, ẹ lọ ra oníke."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì tún bí i nínú. Aṣọ iṣẹ́ búlúù ló wọ̀, àwọn irinṣẹ́ ń dún nínú àpò rẹ̀. Ó ní ẹ̀rọ amúlétutù ni òun ń tún ṣe, pé inú ilé òun tutù bí ibi tí wọ́n ń kó ẹja dídì sí, àti pé ewé mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni òun ti kó dànù níbẹ̀. Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ ló nawọ́ sí ọ̀kan tí ewé rẹ̀ fẹ̀, tó fẹ́lẹ́, tó ń dán.

Àǹtí Ata gbá ọwọ́ rẹ̀ kúrò.

"Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀! Ọ̀sẹ̀ kan ni yóò lò lọ́dọ̀ yín. Òde gbóná, ẹ ti fèrèsé, ẹ tan ẹ̀rọ. Atẹ́gùn ẹ̀rọ yẹn gbẹ, ṣe ló máa ń fa omi jáde lára ewé. Èyí tí ara rẹ̀ nípọn ni kí ẹ wá, èyí tó ń tọ́jú omi sínú ara rẹ̀."

Ó tẹ̀ba, ó gbé ìkòkò kan jáde lábẹ́ tábìlì. Ewé inú rẹ̀ nà ṣánṣán sókè bí idà, ó ní ìlà funfun létí. Kò fi bẹ́ẹ̀ lẹ́wà, àmọ́ ó dúró gírígírí.

"Ẹ má gbé e síbi tí ẹ̀rọ ti ń fẹ́ lù ú. Ẹ gbé e sẹ́bàá fèrèsé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta ni kí ẹ máa fún un lómi. Láàárín ìyẹn, ẹ gbàgbé rẹ̀."

"Kí n kàn gbàgbé rẹ̀ bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ gbàgbé rẹ̀. Kò fẹ́ ìkẹ́."

Oṣù kan lé díẹ̀ lẹ́yìn náà, ọkùnrin náà tún dé. Ìkòkò náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ewé inú rẹ̀ ti dojú bolẹ̀, ó rọ̀ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n jù.

"Ẹ ní kò fẹ́ ìkẹ́. Mi ò kẹ́ ẹ. Ó kú."

Àǹtí Ata fa ewé náà tu. Gbòǹgbò rẹ̀ ti jẹrà, omi ń kán láti ara rẹ̀ sórí tábìlì. Inú bí i débi pé etí rẹ̀ ń hó.

"Omi! Omi lo fi pa á!"

"Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo—"

"Irọ́ lò ń pa! Wo gbòǹgbò rẹ̀! Ojoojúmọ́ lo ń da omi sí i, àfi bí ẹni ń rẹ aṣọ!"

Àwọn oníbàárà méjì yíjú wò wọ́n. Ojú ọkùnrin náà kọ́rẹ́. Ó sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ pé, "A ti di 'o' báyìí? 'Ẹ' ni mo jẹ́ nígbà tí mo kọ́kọ́ wá."

"Ẹni tó bá pa ewé mi, kò sí 'ẹ' fún un mọ́."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ìwọ náà ti di 'o' nìyẹn. Fún mi ní òmíràn."

Òmíràn náà kú. Ẹ̀kẹta kú. Gbogbo ìgbà tó bá gbé òkú ewé dé ni wọ́n ń jà, Àǹtí Ata a ní òpùrọ́ ni, òun náà a búra pé òun kò fún un lómi ju iye ìgbà tí wọ́n sọ fún òun lọ. Orúkọ tí Àǹtí Ata fún un ni Oníyìnyín, nítorí ilé rẹ̀ tó tutù. Nígbà tó dé lẹ́ẹ̀karùn-ún, kò gbé ìkòkò kankan dání. Ó ní fáànù ìsọ̀ náà ń ké, òun fẹ́ bá a wò ó. Ọ̀sán gbogbo ló fi tú fáànù kan ṣoṣo. Àǹtí Ata mọ̀ pé fáànù kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ láti tú, kò sì sọ nǹkan kan. Ìgbà yẹn ló ti mọ̀ pé òun ti kó sínú ìfẹ́, ó sì bínú sí ara rẹ̀.

Ọdún kan ni wọ́n fi fẹ́ra wọn sọ́nà. "Ata mi," ni ọkùnrin náà ń pè é, bó bá sì pè é bẹ́ẹ̀, gbogbo ìbínú ọjọ́ náà a rọlẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló kù: kí ó mú un lọ rí ìyá rẹ̀. Ilé ìyá náà ni Oníyìnyín ń gbé. Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ni ìyá náà, opó ni pẹ̀lú. Oníyìnyín ti là á mọ́lẹ̀ pé bí ìyá òun bá ní rárá, rárá náà ni.

"Mo bẹ̀ ọ́, ìfẹ́ mi, bá mi mú ẹnu yẹn dání," ó ní lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹnu wo? Ṣé ẹnu mi ló ń dà ọ́ láàmú ni?"

Màmá gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Oníyìnyín obìnrin wà níbẹ̀, wọ́n jẹun, wọ́n rẹ́rìn-ín. Lẹ́bàá fèrèsé pálọ̀ ni ìkòkò kẹrin wà, ewé rẹ̀ ti ń tẹ̀. Bí wọ́n ṣe jẹun tán, Màmá dìde, ó bu omi sínú ago irin kékeré kan, ó sì rọra ń dà á sínú ìkòkò náà.

"Mu, ọkọ mi," ó ń sọ fún ewé náà. "Mu díẹ̀ sí i. Ti òwúrọ̀ kò tó ọ."

Ti òwúrọ̀! Odidi ọdún kan ni Àǹtí Ata fi ń pe ọkùnrin ọlọ́ọ̀ọ́tọ́ ní òpùrọ́. Ẹ̀rín ló yẹ kó rín. Àmọ́ ìkòkò mẹ́rin ni, ọwọ́ rẹ̀ ló sì fi gbin ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Kó tó mọ̀, ọ̀rọ̀ ti jáde.

"Màmá, ẹ̀yin lẹ̀ ń pa wọ́n!"

"Kí ni mo pa?"

"Mẹ́rin! Ìkẹ́ yín yìí ló ń pa wọ́n! Ohunkóhun tó bá ti bọ́ sí yín lọ́wọ́ láti tọ́jú, ó gbé nìyẹn!"

Màmá gbé ago náà sórí tábìlì, ó rọra gbé e bí ohun tó lè fọ́. Ó wọ yàrá rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn.

Ẹ̀gbọ́n Oníyìnyín ló sọ̀rọ̀. "Ọdún méjì ni bàbá wa fi dùbúlẹ̀ àìsàn nínú yàrá yẹn. Màmá nìkan ló tọ́jú rẹ̀. Ago tó o rí yẹn ló fi ń fún un lómi títí tó fi kú."

Àǹtí Ata wo Oníyìnyín, ó fẹ́ kó wo òun. Kò wò ó. Ó kàn dìde, ó sì ṣílẹ̀kùn.

"Ẹ jẹ́ kí n sìn yín jáde."

'Ẹ' tó sọ yẹn dun Àǹtí Ata ju kó gbá a létí lọ.

"Mi ò mọ̀," ó ní nígbà tí wọ́n dé ẹnu géètì. "O ò sọ fún mi rí pé àìsàn ló pa bàbá rẹ."

"Ẹ ò mọ̀. Ẹ ò sì ní sùúrù kẹ́ ẹ mọ̀ kẹ́ ẹ tó lanu. Ẹ máa lọ, mà."

Ó lọ. Ó bínú dé ilé, ó bínú dé ìsọ̀. Ó bínú sí ara rẹ̀ pàápàá, àmọ́ àwọn oníbàárà ló ń jẹ nínú rẹ̀. Ìgbà tí obìnrin kan gbé ewé tó ti mumi yó dé, tó ní òun kò mọ ohun tó ṣe é, Àǹtí Ata kò bá a jà mọ́. Ó gé páálí sí kéékèèké, ó fi lẹ́tà ńlá kọ ọ̀rọ̀ kan náà sára gbogbo wọn, ó sì fi ọ̀kọ̀ọ̀kan bọ inú ìkòkò gbogbo ewé tó dà bí idà: GBÀGBÉ MI. Kí ewé fúnra rẹ̀ máa sọ ọ́ fún wọn, ó ti rẹ òun.

Bàbá rẹ̀, kápẹ́ńtà tó ń kan pákó tí wọ́n ń gbé ìkòkò lé fún un lẹ́yìn ìsọ̀, ń wò ó láti ọjọ́ yẹn. Níkẹyìn ó fi òòlù sílẹ̀.

"Ìwọ lo jẹ̀bi. Lọ bẹ ìyá náà."

"Bàbá, mi ò mọ̀ pé—"

"Lọ bẹ̀ ẹ́ ni mo wí. Mi ò ní kó o lọ ṣàlàyé."

Kò lè lọ. Ojú ń tì í, ó sì tún gbéra ga díẹ̀, ká sọ òótọ́. Ìkòkò tí ewé rẹ̀ le jù lọ nínú ìsọ̀ ló ṣà, ó nu ewé náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó gbé e fún ọkùnrin kan tó ń fi alùpùpù gbé ẹrù káàkiri.

"Ẹ gbé e lọ sílé tí mo júwe yẹn. Ẹ ní èmi ni mo ní kẹ́ ẹ gbé e wá." Lójú tirẹ̀, ẹ̀bẹ̀ ti parí nìyẹn.

Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, kò gbọ́ nǹkan kan. Ọ̀sẹ̀ kejì fẹ́rẹ̀ẹ́ pé. Ìbínú rẹ̀ wá kúrò lórí ara rẹ̀, ó bọ́ sórí Oníyìnyín. Kò tiẹ̀ lè ní òun rí i gbà! Àfi bí ẹni pé òkúta ni wọ́n gbé ránṣẹ́ sí i!

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni Màmá fúnra rẹ̀ wọlé. Ọwọ́ méjèèjì ló fi gbé ìkòkò náà, ó sì gbé e ka orí tábìlì, gbì!

"Ìwọ ọmọ yìí, èébú àkọ́kọ́ kò tó ọ, àbí?"

"Màmá, ẹ káàsán, mà—"

"Má kí mi! O bú mi, mo gbé e mì. Ó wá jẹ́ pé inú ìkòkò ewé lo ti máa kọ̀wé sí ọmọ mi pé kó gbàgbé rẹ? Ẹnu tó o fi bú mi dà? Ṣé o ò lè fi sọ ìyẹn fún un lójúkojú ni?" Ó fa páálí kékeré kan yọ nínú báàgì rẹ̀, ó jù ú sílẹ̀. "Òun ló gba ìkòkò yìí lẹ́nu ọ̀nà. Ó kà á, kò jẹun fún ọjọ́ méjì! Ọmọ mi!"

Àǹtí Ata wo páálí náà. GBÀGBÉ MI. Ọwọ́ rẹ̀ ló fi kọ ọ́. Ó nu ewé náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, àmọ́ kò yọ páálí inú ìkòkò rẹ̀ kúrò.

Ó kàn yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí Màmá lè rí ẹ̀yìn rẹ̀. Ogún ìkòkò ló tò síbẹ̀, páálí kọ̀ọ̀kan nínú wọn. Màmá wọ jígí rẹ̀, ó ń kà wọ́n lọ. Gbàgbé mi. Gbàgbé mi. Gbàgbé mi.

"Ewé ló ń sọ̀rọ̀, Màmá," ni Àǹtí Ata sọ. "Kí wọ́n má baà fún un lómi jù." Ó rántí ohun tí bàbá rẹ̀ wí, kò sì ṣàlàyé kọjá ibẹ̀. Ó kúnlẹ̀. "Mo jẹ̀bi yín, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí."

Màmá bọ́ jígí rẹ̀. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀.

"Kí n gbàgbé rẹ̀ kó lè yè. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń gbàgbé nǹkan o. Ogójì ọdún ni mo fi ń lọ wo aláìsàn lórí bẹ́ẹ̀dì, bóyá ó ṣì ń mí. Bí mo bá jí láàárọ̀ tí kò sẹ́ni tí màá fún lómi, mi ò mọ ohun tí màá fi ọwọ́ mi ṣe."

Àǹtí Ata dìde, ó lọ sẹ́yìn, ó gbé ìkòkò mìíràn dé, òdòdó pupa kéékèèké ló wà nínú rẹ̀.

"Èyí ń fẹ́ omi láràárọ̀. Bí ẹ bá fo ọjọ́ kan, á dojú bolẹ̀. Ìta ni kẹ́ ẹ gbé e sí, níbi tí ẹ̀rọ kò dé. Ẹ bá mi fi ewé idà yẹn sílẹ̀ níbẹ̀, kẹ́ ẹ kẹ́ eléyìí."

Màmá gbà á, ó fi ìka kan iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀.

"Inú ṣì ń bí mi sí ọ o."

"Mo mọ̀, Màmá."

"Ọ̀gbẹ́ni yẹn wà nínú ọkọ̀ níta. Ó ní òun kò ní sọ̀ kalẹ̀."

Àǹtí Ata fẹ́rẹ̀ẹ́ sáré jáde. Oníyìnyín jókòó sídìí ọkọ̀, ojú rẹ̀ kò kúrò lọ́nà iwájú. Àǹtí Ata fi àtẹ́lẹwọ́ lu orí ọkọ̀ náà.

"O ka páálí, o ò lè wá bèèrè? Odidi ọjọ́ mẹ́tàlá!"

"Ẹ kọ ọ́ pé kí n—"

"Má pè mí ní 'ẹ'! Ewé ló ń sọ̀rọ̀, olórí kunkun! Gbogbo ewé ìsọ̀ mi ló ń sọ ọ́! Wọlé lọ wò ó!"

Ó yíjú sí i nígbà náà. Ojú rẹ̀ ti rù.

"Ìyẹn ni pé mi ò ní láti gbàgbé rẹ?"

"Ṣé o gbìyànjú ẹ̀ ni?"

"Mo gbìyànjú. Mo tú ẹ̀rọ oníbàárà kan palẹ̀ lọ́jọ́ kẹta, mi ò rántí bí wọ́n ṣe ń tò ó padà mọ́. Ìwọ nìkan ni mi ò gbàgbé."

Omi bọ́ lójú Àǹtí Ata, ìyẹn náà sì bí i nínú.

"Sọ̀ kalẹ̀."

"Inú ṣì ń bí mi, Ata mi."

"Èmi náà. Sọ̀ kalẹ̀, ká jọ máa bínú."

Ó sọ̀ kalẹ̀.

Wọ́n ṣègbéyàwó kí ọdún yẹn tó parí, wọ́n gba ilé tiwọn, kò jìnnà sí ti Màmá. Ìkòkò ewé idà yẹn wà lẹ́bàá fèrèsé pálọ̀ wọn. Ó ti ta ewé tuntun méjì. Gbogbo Sátidé ni Màmá ń wá, lẹ́yìn tó bá ti fún òdòdó tirẹ̀ lómi. Bó bá jókòó díẹ̀, a dìde lọ sídìí ẹ̀rọ omi, a bu omi kún ago irin rẹ̀, a sì lọ dúró síwájú fèrèsé.

"Ṣé ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta?"

"Ó ku ọjọ́ mẹ́rin, Màmá."

Màmá wo ewé náà, ó wo ìyàwó ọmọ rẹ̀. Ó rọra padà sórí àga, ó gbé ago náà sẹ́nu, ó sì mu omi náà fúnra rẹ̀.