Ẹ Yẹ Kọ̀ǹpútà Wò Kí Ẹ Tó Pa Ohun Inú Rẹ̀ Rẹ́

Ìyá Onífótò ti ṣí ilé ìyàwòrán rẹ̀, ó ti nu gíláàsì iwájú, ó ti to àwọn férémù sórí tábìlì, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kò jẹ́ kí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá tan án, yóò fi àmì rẹ̀ hàn, nǹkan yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa yọjú, lójijì yóò kú, yóò sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í tan ara rẹ̀.

Ọkọ rẹ̀, awakọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, jókòó sórí àga tí àwọn oníbàárà máa ń jókòó sí ya fótò.

"Gbá a lẹ́yìn díẹ̀," ni ó wí.

"Bàbá wọn, ṣé ọkọ̀ akẹ́rù lẹ pè é ni?"

"Ọkọ̀ akẹ́rù gan-an gbọ́n ju eléyìí lọ."

Ìyàwó kò rẹ́rìn-ín. Aránṣọ kan ń bọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà láti gba àwòrán ńlá ti ìyá rẹ̀ tó kú, nítorí ọ̀la ni ìsìnkú. Gbogbo ayé ìyá yẹn ni ó fi sá fún kámẹ́rà. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló gbà kí wọ́n ya òun. Inú kọ̀ǹpútà yìí nìkan ni àwòrán náà sì wà.

Ọkọ pe ọkùnrin tó ń tún ẹ̀rọ ṣe nísàlẹ̀ òpópónà lórí fóònù.

"Ẹ gbé e wá," ni ọkùnrin náà dáhùn, láì tíì rí i. "Màá pa gbogbo inú rẹ̀ rẹ́, màá tún un tò lákọ̀tun. Á rí bí ọjọ́ tí ẹ rà á."

"O gbọ́ bí?" ni ọkọ wí, ó sì ti ń yọ okùn iná.

"Àwòrán màmá yẹn ńkọ́?"

"A ó tún un yà."

"Ta la ó tún yà? Ṣé ẹ ó bẹ òkú pé kó dìde, kó wo kámẹ́rà ni?"

Ọkọ fi okùn sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dojú rú mọ́ obìnrin yìí lọ́wọ́. Bí kò bá gbé e lọ, kò sí àwòrán. Bí ó bá gbé e lọ, kò sí àwòrán. Kò mọ èwo ni ṣíṣe. Ó pe àbúrò rẹ̀ obìnrin, ẹni tó ń bójú tó àwọn kọ̀ǹpútà ní ilé ìwòsàn kan, ó sì jẹ́ kí ohùn rẹ̀ máa jáde síta látinú fóònù.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dákun, ẹ má tíì gbé e fún ẹnikẹ́ni," ni àbúrò wí. "Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tan án fún àyẹ̀wò."

"Títàn náà ló ń pa á!"

"Irú títàn yẹn kọ́. Bí ìjà bá ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé tí àlejò kún, ẹ ó ní kí àwọn àlejò bọ́ síta, kó ku àwọn onílé. Bí ìjà bá dáwọ́ dúró, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé àlejò kan ló ń dá a sílẹ̀. Bí kò bá dáwọ́ dúró, inú ilé ni ká ti wá a. Bẹ́ẹ̀ la ó ṣe: ohun tí kọ̀ǹpútà kò lè ṣe aláìní nìkan la ó jẹ́ kó jí."

"Èmi mọ irú àlejò bẹ́ẹ̀," ni ọkọ fọhùn láti orí àga.

"Ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe èmi, àbí?" ni àbúrò bi ọkọ náà.

"N ò dárúkọ ẹnìkankan o."

Nígbà tí ẹ̀rọ náà ti kú léraléra, ó ti ń mú ojú ìwé àtúnṣe kan wá fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù ni Ìyá Onífótò fi ń pa á dé. Ní báyìí, ó ń ka ohun tó wà níbẹ̀, àbúrò ń sọ èyí tí yóò tẹ̀, títí wọ́n fi dé ibi tí wọ́n ti yan títàn fún àyẹ̀wò.

Ojú kọ̀ǹpútà di dúdú. Fótò ọmọ rẹ̀ tó máa ń wà lójú kọ̀ǹpútà náà kò sí mọ́.

"Ó ti parẹ́! Mo gbé!"

Ọkọ na ọwọ́ sí ibi tí wọ́n ti ń paná.

"Ẹ má paná!" ni àbúrò pariwo. "Kí lẹ rí?"

"Òkùnkùn. Lẹ́tà ràbàtà-ràbàtà, bí ẹni pé àwa ti fọ́jú. Wọ́n kọ nǹkan sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀."

"Kí ló dáa níbẹ̀?"

"Ẹni tí dókítà fẹ́ yẹ̀ wò, ṣé kì í bọ́ ẹ̀wù ni? Ẹ̀wù ló bọ́. Ẹ wá àwòrán yín síbi tó máa ń wà."

Ó wá a títí ó fi rí i. Ìyá aránṣọ nìyẹn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ rí ṣákaṣàka.

"Ó ti bàjẹ́, àbúrò mi."

"Ojú ẹ̀rọ ló rí bẹ́ẹ̀ fúngbà díẹ̀. Ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sórí fíláàṣì tí ẹ fi ń kó àwòrán pamọ́ kíákíá."

Ó ṣe é. Kọ̀ǹpútà kò kú.

"Ṣé ó ti sàn nìyẹn?"

"Rárá o. A kàn mọ ọ̀nà tí a ó gbà wá a ni. Kí lẹ fi kún un láìpẹ́ yìí?"

"N ò fi nǹkan kan kún un."

Ọkọ wúkọ́. "Ọkọ̀ kékeré kan ni."

"Ọkọ̀ wo?"

"Eré ọkọ̀ wíwà. Ẹnì kan fún mi lọ́fẹ̀ẹ́. Kí ọwọ́ mi má baà gbàgbé iṣẹ́."

"Bàbá wọn!"

"Ẹ̀gbọ́n, a ti rí àlejò," ni àbúrò wí.

Wọ́n yọ eré náà kúrò, wọ́n tan kọ̀ǹpútà bí wọ́n ti í tan án tẹ́lẹ̀, kò sì kú mọ́. Ìyá Onífótò tẹ àwòrán náà jáde, ó sì fi í sínú férémù. Nígbà tí aránṣọ dé, ó di férémù náà mú, ó tẹjú mọ́ ọn.

"Ó ń rẹ́rìn-ín," ni ó wí. "N ò mọ̀ pé ó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn."

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, bí kọ̀ǹpútà yín bá ń kú ṣáá, ẹ tan án fún àyẹ̀wò kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn. Ọ̀nà tí a ń gbà ṣe é yàtọ̀ láti ẹ̀rọ kan sí èkejì, nítorí náà, ẹ bi ẹni tó mọ̀ ọ́n. Bí ojú rẹ̀ bá di dúdú tàbí tí lẹ́tà rẹ̀ bá di ràbàtà, ẹ má fòyà. Ẹ kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà ohun tí ẹ kò fẹ́ kó sọnù, lẹ́yìn náà kí ẹ wo ohun tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi kún un. Bí ó bá ṣì ń kú bẹ́ẹ̀, ó lè jẹ́ pé ara ẹ̀rọ ló ní àrùn. Ìgbà yẹn ni kí ẹ gbé e lọ bá ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ṣe. Bí ẹnikẹ́ni bá sì sọ pé òun fẹ́ pa ohun inú rẹ̀ rẹ́, ẹ di kọ̀ǹpútà yín mú, kí ẹ bi í pé: "Ṣé ẹ ti yẹ̀ ẹ́ wò ná?"