Ọjọ́ Tí Ariwo Ẹ̀rọ Asàba Dákẹ́

Ọjọ́ tí Etí Ehoro kọ́kọ́ fojú kan ọmọbìnrin náà, ẹyin mẹ́ta ló wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, mẹ́ta wà lọ́wọ́ òsì, ó sì fi eyín di tọ́ọ̀ṣì mú. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú, ojú rẹ̀ ń dán fún òógùn, èérún koríko kan sì lẹ̀ mọ́ irun rẹ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, ọkùnrin náà gbàgbé ohun tó bá wá.

Ohun tó bá wá kì í sì í ṣe kékeré. Ó gbé irin gígùn kan dání tó yọ ẹ̀ka wẹ́wẹ́ bí egungun ẹja, ó so rédíò kékeré mọ́ àyà. Láti aago méjì ọ̀sán ló ti ń kọjú irin náà síhìn-ín, tó ń kọjú rẹ̀ sọ́hùn-ún, tí àwọn ará àdúgbò ń yọjú lójú fèrèsé láti wo wèrè tuntun. Kì í ṣe wèrè o. Káfíńtà ni, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sì mọ́. Ẹgbẹ́ onírédíò àdúgbò ló sọ ọ́ ní Etí Ehoro, torí ohùn tí gbogbo wọn ò bá gbọ́, òun á gbọ́ ọ.

Ẹgbẹ́ yìí kì í ka ìròyìn, wọn kì í sì í gbé orin sáfẹ́fẹ́. Èèyàn bíi tèmi bíi tẹ̀yin ni wọ́n, tí ìjọba fún ní ìwé àṣẹ láti máa fi rédíò bára wọn sọ̀rọ̀ láti ilé dé ilé, tí wọ́n ń na wáyà láti orí òrùlé dé orí igi. Ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ojoojúmọ́, Màmá Alága, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, á pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan lórí afẹ́fẹ́, oníkálukú á sì dáhùn. Ẹni tí wọ́n máa ń tẹ́tí sí jù ni Bàbá Orí Òkè, arúgbó tó ń dá gbé lódìkejì odò, tí rédíò rẹ̀ ò lágbára. Bó bá ti ní "Mo wà o" báyìí, ọkàn gbogbo wọn á balẹ̀. Àmọ́ ó di ọjọ́ karùn-ún tí ariwo kan ti ń bo ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́ta-mẹ́ta ló ń wá, ṣàààà, bí ìgbà tí omi ta sínú òróró gbígbóná.

"Lọ bá mi wá ariwo yẹn rí," ni Màmá Alága wí fún Etí Ehoro, "kó o sì pa á."

Ariwo náà ló mú un dé ẹnu ọ̀nà yìí.

Ọmọbìnrin náà rọra kó ẹyin sílẹ̀, ó yọ tọ́ọ̀ṣì lẹ́nu. "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé eṣinṣin lẹ fẹ́ fi irin yìí pa ni?"

"Rárá o. Ariwo ni mò ń wá."

"Ilé yìí ò ní ariwo kankan, àfi ti bàbá mi."

Bó ti ń sọ bẹ́ẹ̀ ni rédíò àyà ọkùnrin náà bú jáde, ṣàààà! Irin náà kọjú tààrà sí àpótí ńlá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, tó ga tó kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹ̀rọ asàba ni. Ọgọ́fà ẹyin ló wà nínú rẹ̀ tí iná mànàmáná ń sàba lé lórí dípò adìẹ. Ìdí nìyẹn tí gbogbo àdúgbò fi ń pe ọmọbìnrin náà ní Àǹtí Ẹlẹ́yin. Suwíìṣì kékeré kan ló ń tan ooru ẹ̀rọ náà tó sì ń pa á fúnra rẹ̀, ó ti gbó, gbogbo ìgbà tó bá ṣí ló ń ta iná pàrà.

"Ẹ jẹ́ ká pa á fún wákàtí kan," ni Etí Ehoro wí, "kí n tún un ṣe."

Àǹtí Ẹlẹ́yin na apá méjèèjì dí ẹnu ẹ̀rọ. "Ẹni tó bá fọwọ́ kàn án, èmi àtòun ni o."

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìbínú. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti sàba rí, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ló bàjẹ́. Ẹlẹ́ẹ̀kejì yẹn, oníná kan ló ní òun fẹ́ wo inú ẹ̀rọ díẹ̀, ló bá di pé ẹyin tutù, ló parí. Bàbá rẹ̀, tó fi ọgbọ̀n ọdún wa ọkọ̀ ojú irin, tí ohun tó bá sọ kì í sì í yí padà, ti wá là á mọ́lẹ̀ fún un. Bí ti ẹlẹ́ẹ̀kẹta yìí ò bá pa tó ìdajì, yóò kó ẹrù rẹ̀ kúrò nílé. Gbogbo ilé mọ̀ pé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ni, nílùú tó jìn tó ìrìn ọjọ́ kan, kó lọ máa bá a ta bàtà. Ọjọ́ karùn-ún rèé, ó sì ku mẹ́rìndínlógún kí ẹyin tó pa.

"Mi ò fẹ́ lọ ta bàtà," ló wí. Omi ń bẹ lójú rẹ̀, àmọ́ kò jẹ́ kó já bọ́.

Ibẹ̀ ni ọkàn káfíńtà ti lọ. Kí ni kí n máa purọ́ fún yín sí?

Nígbà tó jábọ̀ fún ẹgbẹ́, inú bí wọn. Ẹnìkan ní kí wọ́n kọ̀wé sí ọ́fíìsì ìjọba kí wọ́n wá ti ẹ̀rọ náà pa. Etí Ehoro dìde. "Ẹ dákun, ẹ fún un ní ọjọ́ mẹ́rìndínlógún."

"Gbọ́ ná, ṣé ariwo lò ń gbèjà ni àbí aláriwo?" ni Màmá Alága bi í, gbogbo ilé sì bú sẹ́rìn-ín.

Ìyá náà kò jẹ́ kó lọ lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n máa fara dà á, àmọ́ níwọ̀n ìgbà tí wọn ò lè gbọ́ Bàbá Orí Òkè, Etí Ehoro fúnra rẹ̀ ni yóò máa gun kẹ̀kẹ́ kọjá afárá láràárọ̀ láti lọ wò ó bóyá ara rẹ̀ le, kó sì wá jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ lórí afẹ́fẹ́ ní aago márùn-ún. Ó ní òun gbà. Òkè yẹn ga o! Àmọ́ ọ̀nà ibẹ̀ gba iwájú ilé Àǹtí Ẹlẹ́yin kọjá, ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò.

Ó wá di pé kò sí ọjọ́ tí kì í yà.

"Ẹ tún ti wá wọn ariwo mi?"

"Mo wá wò ó bóyá ó sùn dáadáa."

Àǹtí Ẹlẹ́yin kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń yí ẹyin, ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́, jẹ́jẹ́, láì mi ohun tó wà nínú rẹ̀. Ó ti ilẹ̀kùn, ó fi tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀yìn ẹyin kan, ó ní kó wo inú rẹ̀. Iṣan pupa tín-ín-rín gba gbogbo inú ẹyin náà kan, ohun dúdú kékeré kan sì ń sọ kúlú-kúlú láàárín wọn.

"Ó ń mí," ni Etí Ehoro sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Ó ń mí. Ẹ̀yin náà ẹ mí, ẹ ti sé èémí látàárọ̀."

Lọ́jọ́ kejìlá, ó bá a gun ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ lọ kí Bàbá Orí Òkè. Arúgbó náà wò ó títí. "Ìwọ ni ariwo tí wọ́n ń sọ?"

"Èmi ni, Bàbá. Ẹ má bínú."

"Kí ni mo fẹ́ bínú sí? Ọjọ́ wo ni èèyàn ti ń wá wò mí lójoojúmọ́ rí?"

Bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè, ọmọbìnrin náà di ẹ̀wù ọkùnrin náà mú gírígírí. Nígbà tí wọ́n dé ibi tó tẹ́jú, kò tú ọwọ́ sílẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni kò ti sọ "ẹ" fún un mọ́. "Etí mi" ló ń pè é.

Bàbá rẹ̀ ò rẹ́rìn-ín. "Káfíńtà yìí, ṣé kò níṣẹ́ ni?" ló máa ń bèèrè, tí yóò sì bèèrè rẹ̀ sókè.

Ọjọ́ kejìdínlógún pé. Àǹtí Ẹlẹ́yin mú bàbá rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn ojú, ó ti ilẹ̀kùn lẹ́yìn. Ní aago márùn-ún, àwọn ẹgbẹ́ péjọ sí yàrá ẹ̀yìn ilé ìkàwé fún ìpàdé, Màmá Alága ń pe àwọn tó wà nílé lórí afẹ́fẹ́. Ó kan Bàbá Orí Òkè. Wọ́n fetí sílẹ̀. Ohùn arúgbó náà wọlé kedere: "Mo wà o, ẹ̀yin ọmọ mi."

Kò sí ariwo. Ìṣẹ́jú mẹ́ta kọjá, mẹ́fà kọjá. Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n ń bọ ara wọn lọ́wọ́. Ẹnìkan ní bóyá iná ló lọ ní àdúgbò yẹn.

Etí Ehoro wo ìta lójú fèrèsé. Gílóòbù òpópónà àdúgbò yẹn, tí wọn kì í pa, ń tàn. Iná wà. Bí iná bá wà tí suwíìṣì ò sì ta pàrà mọ́, a jẹ́ pé ó ti gan síbi kan náà. Bó bá gan síbi tó ń tan ooru ńkọ́?

"Ẹyin ń jinná o!" ló pariwo, ó sì já jáde.

Kò rántí kẹ̀kẹ́. Ẹsẹ̀ ló fi sá a. Ó bá ilẹ̀kùn ní títì, ló bá fi irinṣẹ́ inú àpò rẹ̀ tú fèrèsé kúrò lára ògiri, ó gbabẹ̀ wọlé. Ìwọ̀n ooru inú ẹ̀rọ ti kọjá ogójì, bẹ́ẹ̀ méjìdínlógójì ni kò gbọdọ̀ kọjá. Ó fa wáyà iná yọ, ó ṣí ẹ̀rọ gbayawu, ó bọ́ ẹ̀wù ara rẹ̀, ó ń fi fẹ́ ẹyin. "Ẹ má kú," ló ń wí, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kú, ẹ má jẹ́ kó lọ." Bó bá ti tutù díẹ̀, á ki wáyà bọ̀ ọ́, bó bá fẹ́ gbóná jù, á yọ ọ́.

Ipò yẹn ni bàbá àti ọmọ bá a, láìsí ẹ̀wù lọ́rùn, fèrèsé ilé wọn nílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Olè!" ni bàbá kígbe.

"Suwíìṣì ti gan, Bàbá," ni Etí Ehoro wí láì yí ojú kúrò. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa ka ìwọ̀n ooru sí mi létí, òógùn ti bò mí lójú."

Ọmọbìnrin náà ti kúnlẹ̀ tì í. "Mẹ́tàdínlógójì ààbọ̀," ló kà. "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣé wọ́n ṣì wà láàyè, Etí mi?"

"Mi ò mọ̀. Mi ò fẹ́ parọ́ fún ọ."

Ó ku ọjọ́ mẹ́ta, kò sì sí suwíìṣì tí wọ́n lè fi sí i láì pa ẹ̀rọ fún ìgbà pípẹ́. Ọwọ́ ni wọ́n máa fi tàn án. Àwọn wo ló wá bá wọn dá sí i? Àwọn tó fẹ́ kọ̀wé sí ìjọba náà ni. Màmá Alága pín wọn ní wákàtí méjì-méjì, ó lẹ ìwé mọ́ ara ògiri bí ó ti ń ṣe fún aláìsàn, ó ń kọ ìwọ̀n ooru sí i. Ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ á sọ ọ́ sórí rédíò, ẹni tó wà nílé á dáhùn kí oorun má baà gbé oníṣẹ́ lọ. Láti orí òkè, arúgbó náà ń bèèrè: "Ọmọ wa ńkọ́?"

Bàbá Àǹtí Ẹlẹ́yin wò wọ́n ní ọjọ́ kan gbáko. Lọ́jọ́ kejì, ó fa àga súnmọ́ ẹ̀rọ. "Ẹ kúrò níbẹ̀, ẹ ò mọ wákàtí í pa mọ́. Èmi tí mo wa ọkọ̀ ojú irin!" Ó jókòó síbẹ̀ wákàtí mẹ́rin.

Ọjọ́ kọkànlélógún, ẹyin àkọ́kọ́ sán. Àwọn òròmọdìẹ ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ara wọn tutù, wọ́n ń ké. Àǹtí Ẹlẹ́yin kà wọ́n, ó tún wọn kà, ó dúró títí di ọjọ́ kejì bóyá òmíràn á tún pa. Mọ́kànléláàádọ́ta ni gbogbo wọn. Ooru ti pa àwọn yòókù.

Ìdajì ni ọgọ́ta. Kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ó wọ yàrá lọ, ó ń di ẹrù.

Etí Ehoro bá a nídìí àpò. "Mi ò fẹ́ kó o lọ."

"Tìtorí àwọn òròmọdìẹ?"

"Tìtorí tìẹ. Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ. Bí ariwo yẹn ṣe dákẹ́ lọ́jọ́ yẹn, àwọn èèyàn ń pàtẹ́wọ́, èmi ni mi ò lè mí. Ọ̀dọ̀ rẹ nìkan ni ọkàn mi wà."

Ó bú sẹ́kún, ó fi orí lé e láyà. "Èmi náà nífẹ̀ẹ́ rẹ. Àmọ́ mo ti ṣèlérí fún bàbá mi."

Bàbá wúkọ́ lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n fi ara wọn sílẹ̀. "Mo ní bí kò bá tó ìdajì, wàá kó ẹrù rẹ kúrò nílé yìí. Ṣé mo sọ ọ́ àbí mi ò sọ ọ́?"

"Ẹ sọ ọ́, Bàbá."

"Mi ò sì ní yẹ̀ ẹ́." Ó jókòó sórí àpò náà gan-an. "Àmọ́ èmi ò rántí pé mo sọ ibi tí wàá kó o lọ." Ó wá kọjú sí Etí Ehoro. "Ìwọ tó o tú fèrèsé mi. Ṣé àyè wà lọ́dọ̀ rẹ tó lè gba ọmọ mi àti ẹ̀rọ rẹ̀?"

Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ó wà, Bàbá," ni ọmọbìnrin náà dáhùn. "Yàrá ẹ̀yìn ìsọ̀ rẹ̀. Mo ti wọ̀n ọ́n."

Etí Ehoro gbójú sókè láti ilẹ̀. "O wọ̀n ọ́n? Nígbà wo?"

"Lọ́jọ́ kẹrìnlá, nígbà tó o ní kí n dúró dè ọ́ ní ìsọ̀, o fẹ́ lọ ra pákó." Ó nu ojú rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. "Dìde jàre, ilẹ̀ ò mọ́."

Oṣù kejì sí i ni wọ́n ṣègbéyàwó. Lọ́jọ́ kejì ìgbéyàwó, wọ́n gbé ẹ̀rọ asàba sórí ọmọlanke, pẹ̀lú suwíìṣì tuntun nínú rẹ̀. Bàbá ló wà níwájú, tó ń pariwo kí àwọn èèyàn yà lọ́nà bí ẹni tó ń wa ọkọ̀ ojú irin. Ìyàwó di ẹ̀gbẹ́ kan mú, ọkọ di ẹ̀gbẹ́ kejì, wọ́n ń tì í lọ jẹ́jẹ́ kó má baà fara gbá.