Súwẹ́tà Màmá Gudveig

Ẹ má wulẹ̀ bá mi jiyàn, ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Ẹni tí kò bá gbà á gbọ́, kí ó fi etí lé súwẹ́tà tirẹ̀ kí ó tó sùn.

Ọ̀sán ni, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ti ṣú, bí ó ti máa ń ṣú nígbà òtútù ní etíkun àríwá Nọ́wè. Dókítà Sunniva fi ẹ̀rọ tó gbé kọ́rùn gbọ́ ẹ̀yìn Màmá Gudveig. Àìsàn tí ara fi ń bá ara rẹ̀ jà ti wọ́ ìka ìyá náà bí atalẹ̀. Wọ́n ní ikọ́ gbígbẹ ti dé sí i. Àìsàn yẹn a máa yọ́ wọ ẹ̀dọ̀fóró. Bí a bá tètè rí i, oògùn lè dá a dúró. Bí a kò bá rí i, èémí á máa tán lọ.

Ohun kan ń dún nísàlẹ̀ ẹ̀yìn. Ṣákáṣáká, bí ẹsẹ̀ lórí ewé gbígbẹ.

Àwọn dókítà ìṣáájú ti gbọ́ ọ rí. Nínú òtútù bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tí í ní kí àgbàlagbà bọ́ra. Orí aṣọ ni wọ́n ti ń gbọ́ àyà, wọ́n á ní irun àgùntàn ló ń dún.

Sunniva ní kí ó bọ́ súwẹ́tà náà. Ìyá di ọrùn aṣọ mú. Ọkọ òun ló ni ín, ó ní. Aṣọ náà ló wà lọ́rùn ọkọ náà lọ́jọ́ tí òkun gbé òkú rẹ̀ wá sí èbúté.

Aslaug, ọmọ rẹ̀, rẹ́rìn-ín. "Inú ẹ̀ ni wọ́n ń sùn, Dókítà. Màmá, ẹ ó máa ké bí àgùntàn láìpẹ́."

"Ìwọ náà á sì máa jẹko lẹ́yìn mi."

Ó bọ́ ọ, ó fi í sórí àga. Sunniva tún gbọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ̀yìn náà dákẹ́. Kò sí ṣákáṣáká, kò sí èémí pàápàá.

Orí àga ni ṣákáṣáká náà ti ń dún.

Sunniva dá etí ara rẹ̀ lẹ́bi. Ó ní àwòrán inú ara nìkan ló lè parí ọ̀rọ̀ yìí. Lẹ́nu ọ̀nà yàrá ẹ̀rọ àwòrán, ìyá náà gbé súwẹ́tà lé e lọ́wọ́. Ètè rẹ̀ ti ń ṣú.

"Má gbé e sílẹ̀, ọmọ mi."

Lẹ́yìn dígí, ohùn ẹ̀rọ ní: ẹ mí sínú. Súwẹ́tà wú lápá Sunniva. Ẹ dá a dúró. Ó dúró.

Àwòrán jáde. Ẹ̀dọ̀fóró méjèèjì mọ́, kò ní àpá kankan. Aslaug mí kanlẹ̀.

Sunniva sáré wọlé, ó wọ súwẹ́tà fún ìyá náà. Àwọ̀ padà sí ètè rẹ̀.

"Ẹ̀dọ̀fóró yín mọ́, Màmá."

"Mo mọ̀." Ó fi ìka wíwọ́ tẹ súwẹ́tà náà láyà, jẹ́jẹ́. "Tiẹ̀ ni mo gbé wá kí o wò. Bí tiẹ̀ bá dákẹ́, tèmi náà dákẹ́. Ṣé oògùn wà fún un?"

Sunniva wo Aslaug. Aslaug kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Ẹnìkan wúkọ́ nínú yàrá náà, ikọ́ gbígbẹ. Ẹnu àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà ní pípadé.