Ewé Kíkorò Tí Ewúrẹ́ Náà Ń Wá

Ewúrẹ́ náà fa okùn títí ọwọ́ ọmọbìnrin tó ń sìn ín fi bó. Inú pápá ló fẹ́ so ó sí, koríko ibẹ̀ tutù yọ̀yọ̀, ṣùgbọ́n orí òkè ni ẹran ń wò, níbi tí igi eléwé kíkorò wà.

"Oúnjẹ wà níwájú ẹ, ìkorò lò ń wá kiri," ó ní.

Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó dúró lẹ́bàá ọ̀nà bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá ewúrẹ́, ṣé a máa dúró dè ẹ́ ni?" ni ọ̀kan wí. "Òórùn òbúkọ ti fẹ́ gba ara ẹ."

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọ egungun. Ó ta kókó okùn lẹ́ẹ̀mejì, ó bá wọn lọ. Bó ṣe ń ṣe lójoojúmọ́ nìyẹn.

Ìyá rẹ̀, aránṣọ tí kì í kúrò nídìí ẹ̀rọ, ti kìlọ̀ fún un. "Má so ó mọ́lẹ̀ o. Tí aràn bá ń yọ ọ́ lẹ́nu, fúnra ẹ̀ ló máa wá ewé kíkorò lọ. Dókítà ara ẹ̀ ni. Ọmọ tó bá fi oyún inú ẹ̀ yẹn bí, tìẹ ni."

Ó gbọ́, kò gbà.

Kò pẹ́, ewúrẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ya ìgbẹ́ gbuuru, egungun ìhà rẹ̀ yọ síta. "Ṣé ó ń jẹ ewé ẹ̀ lókè?" ni ìyá bi í.

"Ó ń jẹ ẹ́ dáadáa, Màámi."

Nítorí irọ́ yìí, ìyá rò pé oyún ló ń dà á láàmú, ó bá padà sídìí ẹ̀rọ.

Lọ́jọ́ tí ẹran kò lè dìde mọ́, ọmọbìnrin náà sáré lọ sórí òkè, ó já ewé wá, ó ń kì í bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ewé ń jábọ́. Ẹnu tó ti ń wá a látọjọ́ yìí kò lè jẹ ẹ́ mọ́.

"Màámi, mi ò jẹ́ kó débẹ̀ rí," ó ń sunkún. "Inú pápá ni mo máa ń so ó sí."

Ìyá dá a lóhùn. "Ẹran tí ò lè sọ̀rọ̀ ń fi ohun tó ń ṣe é hàn ẹ́ lójoojúmọ́. Ìwọ tó lè sọ̀rọ̀, irọ́ lo pa fún mi."

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ewúrẹ́ kú, tòun toyún. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹni tó bá torí ẹ̀rín ọ̀rẹ́ pa iṣẹ́ rẹ̀ tì, tó tún fi irọ́ bò ó, kó má retí pé wọn yóò bá a pín ẹkún. Gbogbo wọn jọ rẹ́rìn-ín lẹ́bàá ọ̀nà, òun nìkan ló gbẹ́ kòtò tó sin ewúrẹ́ sí.