Ẹni Tó Jẹ́ Ìpè Láńrewájú

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2006, Láńrewájú gbé orúkọ obìnrin kan lọ sí ilé olóògùn ní Adamstown kí wọ́n fi ṣe owó fún un, obìnrin mìíràn ló sì kú.

Ẹ má wulẹ̀ káàánú rẹ̀. Kò sí ẹni tó tì í.

Munirat ni àfẹ́sọ́nà rẹ̀. Dublin ni àwọn méjèèjì ń gbé. Láńrewájú ń ṣọ́ ilé ìtajà kan ní Blanchardstown, Munirat wà ní ilé tí ìjọba kó àwọn tó ń wá ibi ìsádi sí, kò sì ní ìwé iṣẹ́. Nígbà tí wọ́n ń wá òṣìṣẹ́ ìgbà ooru sí òtẹ́ẹ̀lì kan létí òkun ní Spain, Láńrewájú ló ní kó lọ. Ó gba pásípọ́ọ̀tù Ireland lọ́wọ́ Adérìnsọ́lá, àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo tó ń gbé ní Hartstown pẹ̀lú ọmọ rẹ̀, ó gbé e fún Munirat.

"Òyìnbó ò mọ ojú wa yàtọ̀," ló wí. "Orúkọ yẹn ni kó o mọ̀."

Ó kọ́ ọ lórúkọ náà bí ẹni ń kọ́ ajá. Bí Munirat bá ń fọ abọ́, yóò dúró sẹ́yìn rẹ̀, yóò pè é lójijì: "Munirat!" Bó bá yíjú, yóò gbá a létí.

"Ta ni Munirat? Ṣé o fẹ́ kí wọ́n dá ẹ padà sí Nàìjíríà ni? Adérìnsọ́lá lorúkọ ẹ!"

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi ṣe é. Lọ́jọ́ tó wọ bàálù, bí wọ́n bá pariwo Munirat sí i létí, ìpéǹpéjú rẹ̀ ò ní mì.

Iṣẹ́ náà dáa. Ó ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ń gbá yàrá, ó ń to àga gígùn sórí iyanrìn fún àwọn òyìnbó tó wá yá oòrùn. Ó ń jẹun yó. Kò sẹ́ni tó ń gbá a létí. Nígbà tó pé oṣù méjì, ó tẹ Láńrewájú láago.

"Láńre, mi ò ṣe mọ́."

"O ò ṣe kí ni mọ́?"

"Ìgbéyàwó. Mi ò fẹ́ ẹ mọ́. Tí mo bá parí iṣẹ́, màá dá pásípọ́ọ̀tù padà fún Àǹtí Sọlá. Ìwọ àti èmi, ó tán."

Ó pa fóònù.

Láńrewájú sọ fún Tàjùdíìnì, ọ̀rẹ́ rẹ̀. Tàjùdíìnì yìí ti sùn sórí kápẹ́ẹ̀tì Láńrewájú fún odidi ọdún kan rí. Ní báyìí, jíìpù dúdú ló ń wà. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Haa! O wẹ ọmọ, o pa á ní ìpara, o gbé e fún òkun! Grand! Grand ni, Láńre!"

"Má fi mí rẹ́rìn-ín. Níbo ni ìwọ ti rí jíìpù? Àbí níbi tó o ti ń fọ ọ́fíìsì?"

Ẹ̀rín kúrò lójú Tàjùdíìnì.

"Báwo ni inú ṣe ń bí ẹ tó?"

"Bí wọ́n bá gbé e síwájú mi, màá jẹ ẹ́ ní tútù."

"Ó dáa. Ìbínú yẹn á wúlò."

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni wọ́n lọ sọ́dọ̀ olóògùn náà. Oòrùn mú. Adamstown ṣẹ̀ṣẹ̀ ń di ìlú nígbà náà, ilé tuntun tò lọ rẹrẹẹrẹ, ìdajì wọn ò ní èèyàn nínú, ọ̀rá ṣì wà lójú fèrèsé. Ní ilé tó kángun, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ṣílẹ̀kùn fún wọn. Ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ funfun báláú. Bàbá Bánjọ ni wọ́n ń pè é. Lọ́jọ́ iṣẹ́, ilé ìpẹran ló ń lọ, òun ló ń yọ eegun lára màlúù. Kò sí àga kankan nínú ilé rẹ̀. Ọ̀dà tuntun ń rùn níbẹ̀, nǹkan mìíràn sì ń rùn lábẹ́ ọ̀dà náà.

Ó ní kí Tàjùdíìnì dúró nísàlẹ̀. Ó mú Láńrewájú gòkè, ó ṣí ilẹ̀kùn họ́t-prẹ́ẹ̀sì, kọ́bọ́ọ̀dù gbígbóná tí tánkì omi wà nínú rẹ̀, tí àwọn ará Dublin ń kó aṣọ tó gbẹ sí.

"Wọlé."

"Nínú ibí?"

"Ṣé ṣọ́ọ̀ṣì lo fẹ́ wọ̀ ni? Kúnlẹ̀."

Bàbá Bánjọ pa ilẹ̀kùn dé àwọn méjèèjì. Oòrùn wà níta, òkùnkùn birimùbirimù wà níbẹ̀. Ooru tánkì bo Láńrewájú lójú bí èémí ẹranko. Nígbà tí òkùnkùn mọ́ ojú rẹ̀ lára díẹ̀, ó rí igbá kan tí omi kún inú rẹ̀. Ó rí pákó tí wọ́n kan ahọ́n mọ́ lókè rẹ̀. Ahọ́n màlúù tóbi. Gbogbo wọn kọ́ ló tóbi.

"Èmi kì í fọwọ́ kan èèyàn," Bàbá Bánjọ wí. "Màlúù ni mo ń fi ọ̀bẹ mi gé. Orúkọ ni mo ń gbà. Wàá pè é sínú igbá, ohùn ẹ á dé ibi tó wà. Bó bá jẹ́ ẹ, ahọ́n rẹ̀ á wá, owó á tẹ̀ lé e. Bí ọjọ́ keje bá pé tí kò jẹ́, ìpè á padà wá bá ẹni tó pè é."

"Á jẹ́ mi."

"Gbogbo wọn ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀."

Ó ki ìka bọ inú omi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pọfọ̀, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ bí ìgbà tí tánkì bá ń hó:

"Ilẹ̀kùn kì í gbọ́ ìkànkùn kó ní òun ò sí nílé. Àpáta kì í gbọ́ igbe kó má gbé e padà. Etí tó gbọ́, kó rán ẹnu. Ẹnu tó là, kó má lè padé. Lágbájá tí a ń pè, níbi yòówù kó wà, lórí ilẹ̀, lórí omi, kó jẹ́ o, kó jẹ́, kó jẹ́!"

Láńrewájú tẹ orí ba igbá. "Munirat! Munirat! Munirat!"

Kò sí nǹkan kan.

Ojoojúmọ́ ló ń padà lọ. Ní ọjọ́ kẹta, ahọ́n rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Ní ọjọ́ kárùn-ún, ó mu tíì, ẹ̀jẹ̀ wà nínú ife. Ó wo dígí, ó rí ìlà pupa yíká gbòǹgbò ahọ́n rẹ̀, bí ẹni fi okùn dè é láti fà á já.

Ní ọjọ́ kẹfà, Bàbá Bánjọ wo inú omi títí.

"Ó ń gbọ́ ẹ. Mo rí i. Ó dúró létí òkun, ó di tówẹ̀lì mú. O pe Munirat, ó gbọ́ ọ yékéyéké, kò ṣẹ́jú. Mi ò rí irú rẹ̀ rí. Ta ló kọ́ ọ?"

Òógùn ń já bọ́ ní àgbọ̀n Láńrewájú.

"Èmi ni."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí Bàbá Bánjọ máa rẹ́rìn-ín. "O kú iṣẹ́, tíṣà! Ó ku ọ̀la. Ṣé kí n ti wá ààyè sílẹ̀ fún tìẹ lórí pákó?"

"Ó ní orúkọ tó ń jẹ́ níbẹ̀!" Ahọ́n rẹ̀ ti wúwo, ọ̀rọ̀ ń lọ́ mọ́ ọn lẹ́nu. "Adérìnsọ́lá! Ẹ jẹ́ kí n fi ìyẹn pè é!"

"Ṣé òun ló ni orúkọ náà?"

"Òun ló ń jẹ́ ẹ."

"Igbá ò mọ pásípọ́ọ̀tù o."

Láńrewájú ò gbọ́. Munirat nìkan ló ń rí lójú, létí òkun, nínú oòrùn, tó gbọ́ ohùn òun tó dijú, tó dití. Ó ti fi orúkọ náà pe ọmọbìnrin yìí tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé lẹ́nu rẹ̀, kò tún sí Adérìnsọ́lá mìíràn láyé. Ó tẹ orí ba igbá.

"Adérìnsọ́lá!"

Ìdáhùn dé lójú ẹsẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi? Mo wà ní kíṣíìnì o. Ẹ wọlé."

Epo ń ta nínú páànù lẹ́yìn ohùn náà. Ohùn ọmọdé kan tẹ̀ lé e, ti Iyìolúwa, ọmọ ọdún mẹ́fà: "Mammy, who are you talkin' to?"

Láńrewájú fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu igbá. "Sọlá, má dáhùn! Má dáhùn!" Bàbá Bánjọ gbá a lọ́rùn mú, ó fà á sẹ́yìn bí ẹni fa ọmọ màlúù. Omi ru sókè. Ó pọ́n. Ohun kékeré kan já sí ìsàlẹ̀ igbá, pà.

"Ó jẹ́ ẹ," Bàbá Bánjọ wí. "Lọ sílé. Má gbàgbé láti ṣí họ́t-prẹ́ẹ̀sì tìẹ."

Wọ́n bá Adérìnsọ́lá lórí ilẹ̀ kíṣíìnì, ẹnu rẹ̀ là, kò sí ahọ́n níbẹ̀. Dókítà ní òun ò mọ ohun tí òun máa kọ. Nílé Láńrewájú, owó wà láàárín àwọn tówẹ̀lì, ó gbóná, omi ti rin ín gbingbin, ó ń rùn bí omi òkun. Ìwú kúrò ní ahọ́n rẹ̀. Ó sunkún lórí àbúrò rẹ̀, ẹkún gidi ni. Ó sì ra jíìpù kí ọ̀sẹ̀ tó yí po.

Munirat dé láti Spain fún ìsìnkú náà. Nígbà tí gbogbo èèyàn ń bọ́ síta ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó di ọwọ́ Iyìolúwa mú, ó wá bá a.

"Ọmọ yìí ní Màmá òun sọ pé Uncle Láńre ló ń pe òun," ló wí. "Èmi náà gbọ́ ẹ, Láńre. Ọjọ́ mẹ́fà gbáko ni mo fi gbọ́ ẹ nínú omi."

"Orí ẹ dàrú."

"Àǹtí Sọlá yá mi lórúkọ rẹ̀. O fi pa á."

Kò pariwo. Ó mú ọmọ náà lọ. Tàjùdíìnì ló fi ilé Bàbá Bánjọ hàn án ní Adamstown. Inú rẹ̀ kì í gbé ọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ̀rù sì ti ń bà á.

Lọ́jọ́ kejì, Bàbá Bánjọ tẹ Láńrewájú láago.

"Obìnrin kan wá lánàá. Orúkọ ẹ ló mú wá."

"Ẹ lé e, Bàbá! Ẹ jọ̀ọ́!"

"Ṣé mo lé ìwọ?"

"Èló ló fún yín? Màá fi kún un."

"Kò fẹ́ owó. Ẹni tí kò bá fẹ́ owó, igbá ní ohun tó ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo sọ ọ́ fún un, ó ní kò burú. Oníbàárà mi ni ẹ́, ni mo ṣe ní kí n sọ fún ẹ. Pa ẹnu ẹ mọ́."

Ó pa á mọ́. Ohùn Munirat pè é láti inú ṣáwà, pè é láti inú kẹ́túlù, pè é lórí bọ́ọ̀sì láti àga òfìfo tó wà lẹ́yìn rẹ̀. "Láńrewájú!" Ó ń gé ètè rẹ̀ jẹ títí yóò fi ṣẹ̀jẹ̀. Ó fi òfin kan de ara rẹ̀: ohùn tí òun ò bá rí ojú rẹ̀, òun ò ní jẹ́ ẹ. Ọjọ́ kìíní, ìkejì, ìkẹta. Ọjọ́ kẹfà kọjá. Bí ìkeje bá parí, ìpè máa padà sọ́dọ̀ Munirat. Inú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dùn.

Ní ọ̀sán ọjọ́ keje, ó wa jíìpù lọ sí Dún Laoghaire, ó ra áísìkiriìmù, ó ń rìn lórí afárá òkúta tó wọ inú òkun, láàárín àwọn tó ń fa ajá àti àwọn tó ń ti kẹ̀kẹ́ ọmọdé. Bílẹ̀ bá ṣú lónìí, ó ń rò ó, ahọ́n Munirat ló máa lọ.

Ó rí Munirat. Ó ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán láàárín èrò. Ó dúró síwájú rẹ̀ gan-an, oòrùn ń tàn sí i lójú, ó la ẹnu.

"Láńrewájú."

Ó rí ètè tó mì. Ó rí eyín. Ojú rèé, ohùn rèé, èèyàn gidi ni. Gbogbo ìbínú oṣù yẹn ru bò ó lójú.

"Kí lo fẹ́ lọ́wọ́ mi, ọmọ àlè?"

Munirat tún mi ètè rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ohùn ò jáde. Ẹnu lásán ló ń là. Ohùn rẹ̀ wà nísàlẹ̀, nínú omi, lẹ́yìn Láńrewájú, ibẹ̀ ló sì ti ń pè é láti ìbẹ̀rẹ̀.

"Ó jẹ́ o," ni omi wí.

Ó gbìyànjú láti pa ẹnu dé. Kò padé. Nǹkan kan di ahọ́n rẹ̀ mú ní gbòǹgbò, ó fà á, ó sinmi, ó tún fà á. Ó gbọ́ ọ nínú etí rẹ̀ bí aṣọ tó ń fà ya. Àwọn èèyàn rò pé ó ń bì. Ẹ̀jẹ̀ bo áísìkiriìmù. Ahọ́n náà já bọ́ sórí òkúta, ó ń mì, kó sì tó na ọwọ́ mú un, ẹyẹ òkun kan ti gbé e, ó fò gba ojú omi lọ.

Kò kú. Ọsibítù gbà á là, mo kúkú fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ kẹrin, Munirat wá, ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀.

"Mo wá wò ó bóyá ó ń dùn ẹ́ ni," ló wí. Ohùn rẹ̀ ti padà. "Ó dáa."

Fóònù rẹ̀ dún. Ó tẹ̀ ẹ́ kó sọ síta. Ìyá rẹ̀ ni, láti Ìsẹ́yìn.

"Munirat! Munirat, ọmọ mi!"

Munirat ò dáhùn. Ó ń gbọ́n fóònù náà. "Ẹ kú ọ̀sán, mà. Màmá, ṣé ẹ wà níbẹ̀?"

"Mo wà níbẹ̀. Mo ń pè ẹ́, o ò gbọ́ mi ni?"

"Mo ń gbọ́ yín báyìí. Kí lẹ kọ́kọ́ sọ?"

"Munirat ni mo pè."

"Kí lẹ pè?"

"Munirat! Munirat!"

Ó gbé fóònù mọ́ etí. Ó gbé e kúrò. Ó wo Láńrewájú, ó sì rí i lójú rẹ̀ pé ó gbọ́ ọ, pé ọ̀rọ̀ kan wà tó ń dún nínú yàrá náà tí òun nìkan ò gbọ́. Láńrewájú la ẹnu. Ihò pupa ni.

Ohun tí igbá gbà lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Wọ́n pa àgbò fún orúkọ náà ní ọjọ́ kẹjọ tí wọ́n bí i, ìyá rẹ̀ sì ń pè é lójoojúmọ́ láti Ìsẹ́yìn, ṣùgbọ́n títí tí ìyá náà fi kú, Munirat ò gbọ́ ọ mọ́.