Ìṣó Tí Ìyàwó Alágbàfọ̀ Kàn

Pẹ̀lú àlàáfíà ni àbúrò alágbàfọ̀ wọ yàrá aṣọ lọ sùn ní alẹ́ ọjọ́ òjò kan. Òkú rẹ̀ ni wọ́n bá lórí ẹní. Kò sí ọgbẹ́ lára rẹ̀, kò sì ṣàìsàn. Yàrá yẹn ni wọ́n máa ń sá aṣọ àwọn oníbàárà sí nígbà òjò, tí wọ́n á ti fèrèsé, tí wọ́n á sì gbé ìkòkò ẹyin iná sábẹ́ aṣọ kó lè gbẹ.

Wọn ò tíì sin ín tán tí ẹnu àdúgbò fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Aránṣọ tó wà ní ojúlé kejì ló wá sọ fún ìyàwó alágbàfọ̀ pé kó ṣọ́ ìyá ọkọ rẹ̀ o, pé àjẹ́ ni.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Màmá, ìyá ọkọ yìí, ló gba yàrá náà, ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin sì ń bá a sùn. Òjò ìbáà máa rọ̀, á ṣí fèrèsé sílẹ̀ gbayawu, nítorí ooru èédú kì í jẹ́ kó mí dáadáa. Ní ìdájí, á kúnlẹ̀ síbẹ̀ gbàdúrà, á sì da èérún búrẹ́dì síta. Ìyàwó yọjú lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, ó rí ẹyẹ dúdú kan tó ń jẹun nítòsí ọwọ́ Màmá, tí ẹnu Màmá ń lọ wúyẹ́wúyẹ́. Jìnnìjìnnì bò ó.

Bẹ́ẹ̀ ìyàwó yìí ló máa ń dá orin ní ṣọ́ọ̀ṣì pé òun ò ní bẹ̀rù, tí gbogbo ìjọ á máa gbè é. Ìgbàgbọ́ ọjọ́ Ìsinmi nìyẹn. Ẹyẹ kan ṣoṣo ló gbé e lọ.

Ó fi ẹkún àti ìjà dá ọkọ rẹ̀ lágara, títí ìyẹn fi ní kí Màmá lọ máa gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin tó wà nílé ọkọ. Màmá di ẹrù rẹ̀.

"Ìyàwó mi," ó ní, "Ọlọ́run tí mò ń bá sọ̀rọ̀ níbi fèrèsé, òun náà lò ń kọrin sí. Bí o bá gbà á gbọ́, kí ló ń lé ọ?"

"Màmá, ẹ máa lọ."

Bó ṣe lọ tán ni ìyàwó fi pákó àti ìṣó kan fèrèsé pa, kí ẹyẹ má bàa rí ọ̀nà wọlé. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, òjò dé. Ó gbé ìkòkò ẹyin iná sábẹ́ aṣọ, ó ti ilẹ̀kùn, ó gbàdúrà ààbò, òun àti ọmọ sì sùn lọ níbẹ̀.

Ọkọ rẹ̀ ló já ilẹ̀kùn, tó gbé wọn bọ́ sínú òjò. Ìyàwó lajú, orí ń fọ́ ọ, ó ń bì. Ọmọ ò mira títí wọ́n fi gbé e dé ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì bi wọ́n pé iná wo ló wà nínú yàrá, ó sì ṣàlàyé pé èédú tó bá ń jó níbi tí afẹ́fẹ́ ò ti ráyè wọlé máa ń tú oró tí kò ní òórùn, pé ó máa ń pa èèyàn lójú oorun. Ọkọ bú sẹ́kún. Ó ti mọ ohun tó pa àbúrò rẹ̀. Ìyàwó náà mọ ẹni tó ti ń dá ẹ̀mí ọmọ òun sí lálaalẹ́.

Nígbà tí ara ọmọ yá, ó mú un lọ bá Màmá. Ó kúnlẹ̀, ojú ń tì í dọ́ba.

"Ẹ dárí jì mí, Màmá. Ìbẹ̀rù ló kó sí mi lórí."

"Mo ti dárí jì ọ́," ni Màmá wí, ó sì na ọwọ́ sí ọmọ-ọmọ rẹ̀.

Ọmọ náà figbe ta, ó sá sẹ́yìn ìyá rẹ̀. "Ẹ má jẹ́ kó fọwọ́ kàn mí. Àjẹ́ ni."

Ẹnu ìyá rẹ̀ ló ti gbọ́ ọ. Màmá fa ọwọ́ rẹ̀ padà, ó ní kí wọ́n máa mú un lọ sílé kí ilẹ̀ tó ṣú.